Màmá Mi Kò Fẹ́ Dìde Lórí Àga Mọ́: Kí Ni Kí N Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 73 ni màmá mi. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági n'Íbàdàn kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn kì í lọ sí àsàlátù ọjọ́ Sunday mọ́, orí àga ni wọ́n sì ti ń kírun nítorí orúnkún ọ̀tún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mẹ́nu bà á, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn máa sáré kiri lọ́jọ́ ogbó àwọn ni. Báwo ni mo ṣe lè mú wọn rìn láìjẹ́ pé à ń fa ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìrìn sílẹ̀ ná, kí ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ti kúrò lọ́wọ́ Àlàájà láàárín ọdún méjì yìí. Ní Gbági, wọ́n ń dìde bá oníbàárà, wọ́n ń nawọ́ sókè mú aṣọ, wọ́n ń tú u, wọ́n ń ká a padà, wọ́n ń rìn dé ìsọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn lọ wá àwọ̀ tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní eré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé ẹsẹ̀ wọn ró. Ọjọ́ tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ilé, àwọn ọmọ tún wá gba ìyókù: ẹnì kan ń bu omi wá, ẹnì kan ń gbá yàrá, oúnjẹ ń bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọ̀wọ̀ ni, ìfẹ́ sì ni. Àmọ́ iṣan tí a kò bá lò, kíá ló ń jó rẹ̀yìn, ti àgbàlagbà sì yá ju ti ọ̀dọ́ lọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ 10 péré. Ohun tó lọ lára iṣan ẹsẹ̀ wọn tó nǹkan bíi kílò kan. Ìjókòó kò burú tó ìdùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń tọ̀, ọdún méjì sì jìnnà sí ọjọ́ 10.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ dá iṣẹ́ padà fún wọn kí ẹ tó dárúkọ ìrìn. Kó jẹ́ iṣẹ́ gidi, tí ilé máa mọ̀ ọ́n lára bí wọn kò bá ṣe é, nítorí àgbàlagbà tètè ń mọ iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi tan òun. Ẹni tó ta aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló yẹ kó bá yín yan aṣọ ẹbí, kó sì tẹ̀lé yín dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Bí ata bá tán, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín lọ ná an níwájú àdúgbò, torí àwọn ọmọ inú ilé kò mọ ọjà á ná bíi tiwọn. Ewédú tàbí ṣọkọ tí ẹ gbìn sínú àpò lẹ́yìn ilé, kí bíbomirin rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Kí ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, ṣùgbọ́n kí omi wà ní kíṣínnì. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń fi òùngbẹ jókòó dípò kí wọ́n dìde, ẹ gbé omi padà sí ìtòsí. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ já iṣẹ́ wọ̀nyí gbà, kí ẹ sì ṣàlàyé fún ẹbí pẹ̀lú, torí ẹnì kan á ṣáà bínú pé ẹ ń fìyà jẹ ìyá àgbà.

Ọ̀rọ̀ “ọjọ́ ogbó” tí wọ́n ń sọ yẹn náà, nǹkan mìíràn sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ìgbà tí kò sí ẹlòmíràn ní ìtòsí, kí ẹ fi sùúrù béèrè. Ṣé wọ́n ti ṣubú rí, tàbí ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣubú? Ṣé òòyì máa ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde? Ṣé ojú ń ríran dáadáa? Ṣé ìtọ̀ kì í gbọ̀n wọ́n lójú ọ̀nà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá kì í dáhùn níwájú ọmọkùnrin. Bí ọkùnrin lẹ bá jẹ́, ẹ rán ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín obìnrin. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú ni tọ̀ léraléra láàárín wákàtí díẹ̀ tí a bá lò ó. Ẹni tó lo irú rẹ̀ láàárọ̀, tí ẹ wá ní kó jáde rìn ní agogo 8, kò ní gbà, kò sì ní sọ ìdí. Ẹ sún ìrìn sí ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan oògùn náà àfi tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tó wù wọ́n tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n ṣe. “Kí ara yín lè le” kì í sábà gbé àgbàlagbà dìde, ṣùgbọ́n àsàlátù lè gbé wọn dìde. Bó bá jẹ́ àsàlátù ni wọ́n dárúkọ, a ti mọ ohun tí à ń wá nìyẹn: ìrìn láti ilé dé ibẹ̀, àtẹ̀gùn tí wọ́n máa gùn, àti dídìde lórí àga lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó pẹ́.

Dídìde lórí àga ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ti ń kírun lórí àga, ẹ so ó mọ́ ìrun: lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dìde kí wọ́n sì jókòó nígbà 5. Ìgbà 25 nìyẹn lójúmọ́, ẹ kò sì ní máa rán wọn létí, torí wọn kì í gbàgbé ìrun. (Bí wọ́n ṣe máa kí ìrun fúnra rẹ̀, àlùfáà ni kí ẹ bi.) Kí àga ga tó sẹ̀ńtímítà 45, kí ìbàdí lè ga ju orúnkún lọ díẹ̀. Àga tìmùtìmù inú pálọ̀ máa ń rì jù. Àga oníke sì máa ń yọ̀ lórí táìsì, nítorí náà ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí wọ́n sún síwájú dé etí àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì ya ara wọn bí ìbàdí ṣe fẹ̀, kí gìgísẹ̀ wọlé díẹ̀ sẹ́yìn orúnkún. Kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ dìde, kí wọ́n sì máa mí síta bí wọ́n ṣe ń dìde. Ẹ ṣọ́ mímí yìí dáadáa, nítorí ẹni tó bá sé èémí mọ́nú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ròkè lójijì. Bí wọ́n bá ń jókòó padà, kí wọ́n ka 1, 2, 3 kí ìdí tó kan àga. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á kàn já ara wọn sílẹ̀ gbì, bẹ́ẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń fún iṣan itan lágbára. Bí dídìde bá nira, ẹ ká bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì sórí àga kó lè ga sí i, tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ ti itan. Bó bá ti rọrùn, ẹ yọ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan kúrò.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n lè dìde tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n ká mọ́ àyà. Obìnrin tó wà láàárín ọdún 70 sí 74 tí tirẹ̀ kò bá tó 10, ewu ìṣubú wà fún un. Kó má dá rìn níta ná. Ẹ kọ iye náà sára kàlẹ́ńdà níbi tí wọ́n á ti máa rí i. Ìyá oníṣòwò mọ bí a ṣe ń wo èrè.

Kí ẹsẹ̀ má baà máa yẹ̀, kí wọ́n dúró ti ògiri tàbí tábìlì tó wúwo ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè nígbà 10. Kí wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ìkejì, kí gìgísẹ̀ ọ̀kan kan ọmọ ìka ìkejì, kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n, ṣùgbọ́n kó má fà wọ́n lápá.

Ìrìn wá kàn báyìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2020 pé kí ẹni tó ti tó ọdún 65 máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yára díẹ̀. Ẹ má sọ iye yìí fún Àlàájà o. Ìṣẹ́jú 5 nínú ọgbà ilé, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ lè máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já, kí wọ́n rọra. Kí bàtà di ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mú, kó má jẹ́ sílípáàsì, kí ìró tàbí jàlámíà má sì wọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń jáde sójú títì, ẹ wá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, kí àwọn méjèèjì jọ máa lọ. Ẹgbẹ́ ẹni lágbára ju ọmọ ẹni lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ohun tí wọ́n kọ̀ fún yín, wọ́n á ṣe é kí ọ̀rẹ́ wọn má baà dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Orúnkún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé ìrìn á jẹ ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ ìjókòó ló ń sọ iṣan tó yẹ kó gbé e dọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi 0 sí 10 díwọ̀n ìrora: 0 ni pé kò dùn rárá, 10 ni pé kò ṣe é fara dà. Bí kò bá kọjá 4, tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò séwu. Bó bá ṣì le lọ́jọ́ kejì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ gé iye rẹ̀ sí ìdajì, ẹ má dá a dúró pátápátá. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ń ran orúnkún lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni kó wà nítorí orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n, kí orí rẹ̀ sì bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba nígbà tí wọ́n bá nàró tí apá sì rọ̀ sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru: láàárọ̀ tí ìfúnpá bá jẹ́ 180/110 tàbí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí eré ìdárayá lọ́jọ́ yẹn, ilé ìwòsàn ni. Bí wọ́n bá jí, kí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí wọ́n tó nàró. Bí àyà bá ń fún wọn, tí èémí kò délẹ̀ bí wọ́n ti sinmi, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú tó sì ń dùn, kí gbogbo rẹ̀ dúró, kí ẹ sì tètè gbé wọn lọ bá dókítà.

Ohun méjì ló sábà ń tú iṣẹ́ yìí ká. Àkọ́kọ́ ni ìtara ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ọmọ á mú ìyá rìn fún ìṣẹ́jú 40, gbogbo ara á ro wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò sì ní gbà mọ́. Ẹ máa dúró nígbà tí ó ṣì ń wù wọ́n. Èkejì ni àìsàn kékeré. Bí ibà bá dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń gbàgbé ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bí ara bá ti mókun, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì gùn ún padà.

Bí ọ̀sẹ̀ 6 bá kọjá tí iye ìdìde wọn kò pọ̀ sí i, tàbí tí wọ́n bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan pàápàá, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ fisiotẹ́rápì, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ wà n'Íbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Chief Tony Anenih pè sì ti wà ní ilé ìwòsàn UCH láti ọdún 2012. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú àpò kan, títí kan àgbo, kí ẹ sì mú kàlẹ́ńdà yẹn dání.