Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọkọ̀ gbá mi lórí kẹ̀kẹ́, ta ni yóò san owó ìtọ́jú?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láti Òkè-Àró. Ní òpópónà Ọba Adésídà, awakọ̀ kan tó ti páàkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn lójijì, ni mo bá kọlù ú, mo sì fọwọ́ balẹ̀. Ó bẹ̀ mí, ó fún mi ní ₦10,000, mo ní kò sí nǹkan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ ọ̀tún mi wú. Mo ní nọ́ńbà ọkọ̀ náà. Àbí ẹ̀pa ò bóró mọ́? – Káfíńtà, Àkúrẹ́*

Ẹ̀pa ṣì ń bóró. Owó tí ẹ gbà kò pa ẹ̀tọ́ yín rẹ́, àyàfi tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Bí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá báyìí, ẹ má fọwọ́ sí i kí dókítà tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà dé.

Ọwọ́ náà gan-an ló kọ́kọ́ jẹ wá lógún. Ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbara lé ilẹ̀ nígbà tó ń ṣubú lè dá egungun kékeré kan tó wà nídìí àtàǹpàkò. Ẹ na àtàǹpàkò yín sókè: ẹ ó rí kòtò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́. Bí ibẹ̀ bá ń dùn yín tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí wọ́n ya X-ray. Egungun yìí lè má hàn nínú àwòrán àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè dì í pa, kó sì ní kí ẹ padà wá yà á lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè má dé apá kan rẹ̀ mọ́, kò sì ní jinná. Ọwọ́ ọ̀tún káfíńtà sì ni oko rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó ni àgbègbè ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ìjábọ̀ wọn. Ẹ dárúkọ ₦10,000 yẹn fún wọn. Ẹni tó máa sanwó fún yín lè yọ ọ́ nínú ohun tó tọ́ sí yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í pamọ́, òun ni wọ́n á fi pè yín ní òpùrọ́.

Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ náà ló yẹ kó san owó. Àpò awakọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, àánú rẹ̀ á wá ṣe wọ́n, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ló ní kí gbogbo ọkọ̀ ní third party, ìyẹn ìnṣọ́ráǹsì tó ń sanwó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàǹbá. Láti oṣù kìíní 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti ọkọ̀ àdáni, wọ́n sì lè san tó ₦3 mílíọ̀nù lórí dúkìá ẹlòmíràn tó bàjẹ́. Kẹ̀kẹ́ yín wà lára dúkìá. Ti ìpalára ara yín tún yàtọ̀ sí i. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò ó lórí askNIID, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ wò, bóyá ìwé rẹ̀ wà láàyè, kí ẹ sì ní kí ọlọ́pàá gba orúkọ ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni ẹ̀rí owó. Gbogbo rìsíìtì oògùn, ìwé dókítà, fọ́tò kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, àti iye tí ẹni tó máa tún un ṣe kọ sílẹ̀, ẹ kó wọn jọ. Iye tí ẹ ń pa lóòjọ́ tún ńkọ́? Ìwé àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà àti owó tó wọ báǹkì yín ló máa gbè yín, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Bí owó tó ń wọlé fún yín lóṣù kò bá ju ₦70,000 lọ, ẹ lọ bá Legal Aid Council ní Àkúrẹ́, ẹjọ́ ìjàǹbá wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ni, ẹ má sùn lé e: oṣù 3 péré ni òfin lè fún yín láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́.

*Ọ̀kadà kan gbá ọkọ mi lórí kẹ̀kẹ́ ní Yábà nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà bọ̀ wálé, ó sì sá lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kì í ṣe inú ọgbà òun ló ti ṣẹlẹ̀. – Ìyá Tọ́pẹ́, Oǹdó*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Tọ́pẹ́. Ọ̀gá náà ṣì í. Òfin Employees' Compensation Act ti 2010 ka ọ̀nà ilé sí ibi iṣẹ́ mọ́ iṣẹ́, kò sì dìgbà tí ẹ bá mọ ẹni tó gbá a. Kí ọkọ yín tàbí ẹ̀yin fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kó sì wà lórí ìwé. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún kan ni ẹ ní láti béèrè owó náà. Bí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kan pàjáwìrì, òfin ìlera ti 2014 kò fàyè gbà á: ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ló wà níbẹ̀, tàbí méjèèjì.

*Ọmọ mi ọdún 13 fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé. Kí ni kí n yẹ̀ wò? – Ìyá kan, Ìjàpò*

Bíréèkì ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé òpin: bó bá kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wáyà rẹ̀ ti dẹ̀. Kí àyè ìka méjì ṣẹ́kù. Rọ́bà bíréèkì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ríìmù ní mílímítà 2 tàbí 3, kó má sì kan táyà, torí yóò máa jẹ ẹ́ títí túbù á fi bẹ́. Nígbà òjò, omi ni rọ́bà kọ́kọ́ ń nù kúrò lára ríìmù kó tó dì í mú. Kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti òkèèrè.

Ọ̀tún ni kó máa gbà, bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń kọjú sí ọkọ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí ọkọ̀ ń fi eré tirẹ̀ kún eré ọkọ̀, bó bá sì di ẹjọ́, wọ́n á ní ó lọ́wọ́ nínú ìjàǹbá náà, wọ́n á gé owó rẹ̀ kù. Kó fi bíi mítà kan jìnnà sí ọkọ̀ tó páàkì, nítorí ilẹ̀kùn tó ṣe káfíńtà wa lókè yẹn. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì kó wà ní ìka méjì sókè ojú, kì í ṣe ní ìpàkọ́. Bó bá ti forí sọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ra òmíràn, torí fóòmù inú rẹ̀ ti tẹ̀, kò sì ní gba ìkejì.

Ẹ kọ nọ́ńbà yín sínú báàgì rẹ̀, pẹ̀lú 122, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.