Àwòrán tó wà lára ògiri títì: ṣé ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ lè máa tà á?

Ìbéèrè:

Àsàlámù àlékùmù, Àáfà wa. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, iṣẹ́ fọ́tò ni mo sì ń ṣe. Mo máa ń ya fọ́tò àwọn àwòrán ńláńlá tí wọ́n ń kùn sára ògiri ní àdúgbò wa, mo ń tẹ̀ wọ́n sára kàlẹ́ńdà àti àpò aláṣọ, mo sì ń tà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ ní mọ́sálásí wa. Àwọn kan ní fọ́tò yíyà lásán ti jẹ́ haram. Àwọn kan ní kò séwu, pé ohun tó bá ti wà ní títì ti di ti gbogbo ayé, wọ́n sì ní hádíìsì wà fún un. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kèfèrí ló kùn wọ́n, kí n máa jẹun mi lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀, sà. Kí ni ìdájọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn:

Wàálékùmù sàlámù wàráhmátúlàhì wàbàràkátúhù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ọmọ mi, ọkàn tí kò balẹ̀ yẹn, má lé e dànù. Ànábì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tó bá ń ha ọkàn rẹ, tí o kò sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ọ.

Ti fọ́tò yíyà fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀nà Imām Mālik ni àwọn baba wa fi kọ́ wa nílẹ̀ Yorùbá, orí rẹ̀ ni mo wà. Nínú ọ̀nà yìí, ère ohun abẹ̀mí tó pé pérépéré, tó ní òjìji, ni haram. Èyí tí a yà sórí ohun pẹrẹsẹ, makruh ni, ìyẹn ohun tó sàn kí a yẹra fún, tí kò dé haram. Lójú ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ayé òde òní, fọ́tò kò tilẹ̀ dé ibẹ̀: Sheikh Muhammad Bakhīt, tó jẹ́ Mufutí Íjíbítì nígbà kan, ní òjìji ohun tí Ọlọ́hun ti dá ni ẹ̀rọ náà kàn dì mú. Sheikh Ibn Bāz, onímímọ̀ ńlá ilẹ̀ Saudi, àti àwọn tó tẹ̀lé e le mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kì í bú wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ kún inú fóònù rẹ̀ má ṣe pe arábìnrin rẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí fọ́tò. Ọkùnrin kan tọ Ibn Abbās, sàhábé Ànábì, lọ, ó ní àwòrán ni òun ń ṣe jẹun. Ibn Abbās ka ìkìlọ̀ Ànábì nípa àwọn tó ń ṣe àwòrán fún un. Nígbà tí ojú ọkùnrin náà yí padà, Ibn Abbās ní bó bá di dandan kó ṣe é, kó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ìwọ náà, èyí tó jẹ́ òdòdó àti ilé ló fọkàn balẹ̀ jù. Èyí tó bá jẹ́ ìhòòhò tàbí ìpolówó ọtí, má yà á rárá.

Títà ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ní ohun tó wà ní títì ti di ti gbogbo ayé, hádíìsì tí Abu Dāwūd gbà wá ni wọ́n gbá mú: "Àwọn mùsùlùmí jọ ní ìpín nínú nǹkan mẹ́ta: omi, koríko àti iná." Hádíìsì náà wà lóòótọ́. Ibo ni wọ́n ti rí àwòrán nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Omi odò, kò sí ènìyàn tó dá a. Koríko inú igbó, òjò Ọlọ́hun ló hù ú. Ẹni tó kun ògiri yẹn fi owó ra ọ̀dà, ó gun àkàbà nínú òtútù, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi kọ́ ọgbọ́n tó fi ṣe é. Omi pàápàá, tí ènìyàn bá ti pọn ọ́n sínú ìkòkò rẹ̀, àwọn onímímọ̀ ní ó ti di tirẹ̀. Ṣé omi inú ìkòkò ló wá ní olóhun, tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kò ní?

Hádíìsì tó yẹ kí wọ́n mú wá wà nínú ìwé Abu Dāwūd kan náà. Wọ́n bi Ànábì léèrè nípa èso tó wà lórí igi. Ó ní aláìní tó bá fi ẹnu jẹ nínú rẹ̀, tí kò dì í sínú aṣọ lọ, kò sí nǹkan lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó o jáde níbẹ̀ yóò san ìlọ́po méjì. Èso náà wà ní gbangba, ojú gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i, síbẹ̀ ó ní olóko. Jíjẹ níbẹ̀ yàtọ̀ sí dídì lẹ́rù. Kí o dúró wo ògiri, kí o yà á sínú fóònù, kí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ nílé, jíjẹ níbẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì kàn wà lẹ́yìn ìyàwó ọ̀sìngín tí ò ń yà, kò sí nínú ohun tí à ń sọ. Kàlẹ́ńdà tí ò ń tẹ̀ tà, ẹrù lo dì.

Ẹni tó kàwé lè sọ pé Imām al-Qarāfī, tó jẹ́ tiwa nínú ọ̀nà Mālik, ní ohun tó ti inú ìrònú ènìyàn wá, àrólé kì í jogún rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe dúkìá. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ayé rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà láàárọ̀ kan, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi owó ra irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Àṣà àwọn ènìyàn wà lára ohun tí ọ̀nà wa ń wò kó tó sọ ohun kan di dúkìá. Ní 1988, Àpérò Fíkíhì (ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn) ti àwọn orílẹ̀-èdè mùsùlùmí jókòó ní Kuwait, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti ẹni tó dá nǹkan tuntun sílẹ̀ wà lábẹ́ ààbò Sharia, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ni mo dì mú.

Òfin Ìlú Ọba tí ò ń gbé náà sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ 62 nínú òfin wọn ti 1988 lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà gba ẹnikẹ́ni láyè láti ya fọ́tò ilé àti ère tó wà ní gbangba títí lọ, kódà kó tà á. Àwòrán tí wọ́n kùn sára ògiri kò sí nínú àyè yẹn. (Kí ẹni tó bá sá fún ògiri má lọ sọ ara rẹ̀ di oníṣòwò ère o, ère tí òfin wọn yọ̀ǹda yẹn ni ọ̀nà tiwa le mọ́ jù.) Àdéhùn ló gbé ọ dé ìlú wọn, Kùránì sì ní: "Ẹ̀yin tí ẹ gbàgbọ́, ẹ mú àdéhùn ṣẹ."

Ní Amẹ́ríkà, ère gan-an ni òfin wọn kò yọ̀ǹda. Onífọ́tò kan ya ère àwọn ọmọ ogun tó jà ní Korea, èyí tó wà ní gbangba ní Washington, ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba sì fi fọ́tò náà ṣe sítáǹpù ní 2003. Frank Gaylord tó ṣe ère náà pe ìjọba lẹ́jọ́; ní 2013, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san nǹkan bíi $685,000 fún un. Onífọ́tò fúnra rẹ̀ ti bá a parí ọ̀rọ̀: ó gbà láti máa fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá owó fọ́tò tó bá tún tà. Ọ̀nà onífọ́tò yẹn ni mo fẹ́ kí o tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kèfèrí ló kùn ún ló bí mi nínú jù. Mughīra ọmọ Shuʿba pa àwọn abọ̀rìṣà tó bá rìn, ó kó owó wọn, ó wá gba Islām. Ànábì ní: "Islām rẹ, mo gbà á, ti owó yẹn, n kò sí nínú rẹ̀." Bukhārī ló gbà á wá. Lọ́jọ́ hijira, Ali ni Ànábì fi sílẹ̀ ní Mẹ́kà kó dá ohun tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ padà fún wọn, nígbà tí àwọn ará ìlú náà ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Lọ́dọ̀ ta ni ẹni yẹn ti kọ́ tirẹ̀? Kó ronú pìwà dà, kó yé fi ẹ̀sìn bo olè jíjà.

Nítorí náà, dáwọ́ títà dúró ná. Àwọn tó ń kun ògiri sábà máa ń kọ orúkọ wọn tàbí ti Instagram wọn sí igun àwòrán. Kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, sọ iye tí o ti tà láìfi bò, kí o bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó bá ní kí o máa lọ, halal rẹ ni. Ẹni tó bá ní kí o mú ìpín òun wá, san án, kí ẹ sì kọ àdéhùn yín sílẹ̀. Èyí tí o bá wá títí tí o kò rí olóhun, ṣírò èrè tí o jẹ lórí rẹ̀, kí o fi ṣe sàráà fún un. Bó bá yọjú lọ́jọ́ iwájú, òun ni yóò yàn bóyá kí sàráà náà jẹ́ tirẹ̀ tàbí kí o san owó rẹ̀ fún un. Èyí tó kù nílẹ̀ nínú irú ìyẹn, má tà á.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.