Ǹjẹ́ eré orí fóònù tó ń lo ibi tí ọmọ wà lè kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ nípa àyíká?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí àgbàlagbà bá wà nítòsí. Fóònù ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì GPS, ìyẹn ẹ̀rọ ojú òfuurufú tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tó wà, ó sì ń fi han ọmọ bí ó ti sún mọ́ ibi tí ẹ yàn fún un, níbi tí ìbéèrè tàbí iṣẹ́ kékeré kan wà.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ibi mẹ́rin péré nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ti tó. Lábẹ́ igi kajú, ẹ ní kí ọmọ wo bí kóró rẹ̀ ṣe so mọ́ ìdí èso lóde, tí kò sí nínú bíi ti máńgòrò. Ẹ óo rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré kò kíyè sí i rí. Létí gọ́tà, kí ó ka iye ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó dí i, kí ó sì fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí àgbàrá yóò yà sí bí òjò bá dé.

Ẹ jẹ́ kí ibi kọ̀ọ̀kan jìnnà síra tó mítà 20, nítorí fóònù lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣì í ní gbangba, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ igi tó ṣíji bolẹ̀. GPS fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà, máàpù ló ń jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ ti gba máàpù náà sórí fóònù láti ilé. Fóònù kan tó fún ọmọ mẹ́rin: kí ọ̀kan dì í mú, kí àwọn yòókù máa wo ilẹ̀.