Ṣé òfin tí kò ṣe kedere léwu, tí ìjọba bá ti ní àwọn kò ní ṣì í lò?

Ó léwu. Ìlérí kì í sí nínú ìwé òfin. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ọlọ́pàá ń lò. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti 2015 ni kí ẹ wò. Nígbà náà, abala 24 rẹ̀ sọ irọ́ tí wọ́n fi bí ẹlòmíràn nínú, tàbí tí wọ́n fi kó àìbalẹ̀ ọkàn bá a, di ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3, tàbí ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Ta ló ń wọn ìbínú? Ẹni tó lè pe ọlọ́pàá ni! Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní kí wọ́n tún un ṣe ní 2022. Ó di 2024 kí wọ́n tó ṣe é. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n tún fi òfin yìí mú oníròyìn.