Sìgá Mímu ní Ilé Oúnjẹ ní Ilé-Ifẹ̀: Ohun Tí Ojú Mi Ti Rí

Arákùnrin tí ó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ sí ìtòsí Lágéré béèrè bóyá àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ń pa òfin tí ó ka sìgá mímu léèwọ̀ ní gbangba mọ́, àti bóyá òun kò ní pàdánù oníbàárà bí òun bá dúró lé òfin náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta oúnjẹ ní ìlú yìí, ọ̀rọ̀ yìí sì ti mú omi jáde lójú mi rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn ní kíkún.

Òfin kò wọ́n wa. Láti 1990, lábẹ́ ìjọba ológun, ni wọ́n ti kà á léèwọ̀ láti mu sìgá ní ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ilé sinimá àti inú ọkọ̀ èrò. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe òfin tirẹ̀ ní 2009, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì fọwọ́ sí èyí tí ó kan gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2015. Òfin 2015 yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń mu sìgá nìkan. Ó di ẹrù lé ẹni tí ó ni ibi tí wọ́n ti ń mu ún lórí pẹ̀lú, ó sì ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, nítorí páálí tí ó bófin mu kò gbọdọ̀ dín ní 20. Ẹ rìn láti Lágéré dé Sábó, kí ẹ wo iye ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹyọ kan ṣoṣo, tí wọ́n so láítà mọ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí ó rà á lè ṣáná sí i lójú ẹsẹ̀.

Níbi tí mo ti rí i pé òfin náà múlẹ̀, ènìyàn ni ó mú un múlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá a láṣà ní báńkì, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Inú mọ́tò èrò pàápàá ti mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣáná sí sìgá, gbogbo èrò ni yóò pariwo lé e lórí. Ṣùgbọ́n ní gáréèjì, kí mọ́tò tó gbéra, awakọ̀ kan náà yóò dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀, yóò máa fa sìgá rẹ̀, èéfín yóò sì máa wọlé bá ìyá ọlọ́mọ tí ó ti jókòó. Ilé ọtí àti ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ni ó burú jù, nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni ó ń ta sìgá.

Ohun tí ó mú mi le mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọbìnrin kan tí ó ń bá mi gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà, tí ó ní ásímà. Oníbàárà á jẹun tán, á sì máa bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni ọmọ yìí ń fa èéfín gbogbo wọn símú. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ kan, tí èémí rẹ̀ ń ké bí fèrè, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni ó gbé e débẹ̀. Kẹ́míkà tí ó wà nínú èéfín sìgá ju 7,000 lọ, bí 70 nínú wọn ni ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Fáànù kì í lé e lọ, ńṣe ni ó ń pín in káàkiri tábìlì.

Mo kọ́kọ́ lẹ àkọlé mọ́ ògiri, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń jókòó sí mu sìgá. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ni pé mo kó gbogbo àwo eérú kúrò lórí tábìlì, nítorí pé àwo eérú jẹ́ ìyọ̀ǹda fúnra rẹ̀. N kò fún ẹnikẹ́ni ní ìṣáná mọ́. Mo sì kọ́ láti sọ̀rọ̀ kí sìgá tó gbiná, torí pé ẹni tí ó ti ṣáná sí i ń rò ó pé owó òun ni ẹ fẹ́ kí òun dà nù. Ẹ má ṣe rán ọmọ kékeré sí àgbàlagbà lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Èmi fúnra mi ni mo máa ń lọ bá wọn, màá kúnlẹ̀ bí ó bá jẹ́ bàbá, màá sì sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi mu ún lójú títì lọ́hùn-ún, ẹ má mu ún nítòsí fèrèsé. Ọmọ kan wà níbí tí èéfín kò bá lára mu." Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń dìde. Àwọn tí wọ́n gbé aṣọ iṣẹ́ ìjọba wọ̀ ni ó ṣòro jù, mo sì ti jẹ èébú wọn. Ẹ má retí ìrànlọ́wọ́ wolé-wolé: wọ́n ti wá wo gọ́tà mi àti ìkòkò omi mi, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè nípa sìgá rí.

Ní ti oníbàárà, mo pàdánù àwọn kan lóòótọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n ń wá mu bíà lálẹ́, ọjà mi sì lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2012, ìdá 5.6 péré nínú 100 àgbàlagbà ni ó ń lo tábà, bẹ́ẹ̀ ìdá 29.3 nínú 100 àwọn tí ó lọ sí ilé oúnjẹ ni ó bá èéfín rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Àwọn tí kì í mu ún ni ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọn kì í ráhùn. Wọn yóò rọra ká ẹsẹ̀ wọn kúrò ni. Àwọn ni wọ́n padà sọ́dọ̀ mi: àwọn ìyá tí ó kó ọmọ lẹ́yìn, àti àwọn tí ó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nítorí náà, arákùnrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, nítorí pé ó rọrùn ju kí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ti mọ́ lára lọ. Kí ẹ sì tó san owó ilé, ẹ wo ẹni tí ó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín. Bí ó bá ń ta sìgá, ẹ lọ kí i, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ jìnnà sí fèrèsé yín.