Ṣé lóòótọ́ ni pé eré ìmárale lè dènà àtọ̀gbẹ ju oògùn lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, fún àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, bí a bá fi ìṣọ́ oúnjẹ kún un. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ènìyàn 3,234 jọ tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga àmọ́ tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ṣẹ́ gègé pín wọn sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan ń lo metformin, ìyẹn oògùn tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn kan ń lo hóró lásán tí kò ní oògùn nínú, àwọn yòókù ń ṣe eré ìmárale, ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ oúnjẹ kí wọ́n lè fọn díẹ̀. Èsì jáde ní 2002. Tí a bá fi wọ́n wé àwọn oníhóró lásán, metformin dín àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 31 nínú 100. Eré àti oúnjẹ dín in kù ní ìdá 58. Eré ọ̀hún ò tiẹ̀ le, ìrìn kánmọ́kánmọ́ náà wà lára rẹ̀. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kódà bí ínsúlínì, èròjà inú ara tó ń darí ṣúgà, ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹni tó bá ti ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, kó kọ́kọ́ rí dókítà o, torí ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.