Ẹ má dáwó fún tẹ́ẹ̀sì yẹn

Àbúrò mi, o ní wọ́n bá HIV lára ẹni márùn-ún ní họ́stẹ́ẹ̀lì yín, ẹ wá fẹ́ dáwó kí láàbù ka jíìnì kòkòrò náà kí ẹ lè mọ̀ bóyá ọmọbìnrin kan báyìí ló kó o ran gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn HIV. Nígbà tí mo wà ní school, ní mainland Èkó níbí náà, wọ́n pín list kan lórí WhatsApp, orúkọ mi ló ṣáájú, pé èmi ni mo kó o ran ọmọkùnrin méjì, bẹ́ẹ̀ mi ò tiẹ̀ mọ ọ̀kan nínú wọn rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí dókítà mi ṣe là á yé mi. Kòkòrò yìí máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń pọ̀ sí i lára èèyàn, torí náà tí tẹni méjì bá jọra gan-an, a jẹ́ pé orísun wọn ò jìnnà síra, ó tán. Ṣé Lágbájá ló kó o ran Tẹ̀mẹ̀dù ni àbí Tẹ̀mẹ̀dù ló kó o ran Lágbájá, àbí ẹnì kẹta tí ò ṣe tẹ́ẹ̀sì rí ló kó o ran àwọn méjèèjì, láàbù ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ tún wò ó, ẹ̀yà HIV tí wọ́n ń pè ní G àti CRF02_AG ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà, nítorí náà kí ẹ̀yà tiyín bára mu ò jẹ́ ẹ̀rí rárá.

Ibi tó ti wúlò ni kó yọ èèyàn nínú ẹ̀sùn. Ní Líbíà wọ́n dájọ́ ikú fún nọ́ọ̀sì márùn-ún ará Bùlùgáríà àti dókítà ará Palẹsitínì kan, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó HIV ran àwọn ọmọdé ní ọsibítù kan ní Benghazi. Ní 2006 àwọn onímọ̀ ka jíìnì kòkòrò ara àwọn ọmọ náà, CRF02_AG yìí náà ni, wọ́n sì rí i pé ó ti ń tàn ká níbẹ̀ kí àwọn àlejò yẹn tó dé ní 1998. Síbẹ̀ 2007 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀!

Ẹ fi owó yẹn wọ mọ́tò lọ sí NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yaba, tàbí LUTH, ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, ọ̀fẹ́ ni oògùn HIV, tí èèyàn bá sì ń lò ó déédéé tí kòkòrò náà ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Ẹni tó bá rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, kó sáré lọ gba PEP, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń lò kí HIV má bàa fìdí múlẹ̀ lára, kí wákàtí 72 tó pé. Ọmọbìnrin tí ẹ ń fura sí yẹn ńkọ́? Ẹ lọ bá a lónìí, kó tó kó ẹrù ẹ̀ kúrò ní school.